Ẹ Ní Mi Ò Ní Wò Wọ́n Lójú

Bàbá mi ọ̀wọ́n tí ẹ bínú sí mi lọ,

Mo ti Ìlọrin dé lónìí. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni bóyá wọ́n gbà mí tàbí wọn ò gbà mí, nítorí ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ ká kó tó débi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ báyìí. Ẹ máa dúró díẹ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe mú mi dúró. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi sọ̀rọ̀ tí mo fi gbọ́. Lónìí, èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ẹ kì í ka lẹ́tà nígbà tí ẹ wà láyé. Èmi ni mò ń kà á fún yín tí mo bá wà nílé. Ẹ̀yin á jókòó sórí àga ìrókò tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn, ẹ ó sì máa fi ìka kan lu apá àga náà tí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Mo máa ń fi ojú ka lẹ́tà, mo sì máa ń fi etí ṣọ́ ìka yẹn. Ta ló máa lu apá àga fún mi báyìí tí mo bá sọ ohun tí kò dáa? Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyá ń nù ún láràárọ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó lé e. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ àga yẹn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí Sidikátù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní poli, ti Ìlọrin wá kí mi. Mo ti parí ìsìn àgùnbánirọ̀ nígbà náà, mo sì ti jókòó sílé títí táwọn èèyàn àdúgbò fi ń bi mí pé ṣé mi ò tíì padà síbi iṣẹ́ ni, bí ẹni pé wọn ò mọ̀. Sidikátù mú ewé ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́. Wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Àbújá, wọ́n sì ń wá àwọn tí yóò máa gba àlejò tó bá wọlé. Òkè òkun làwọn tó ni ín ń gbé, wọn ò ráyè máa pe gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé. Nítorí náà, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà ya ara rẹ̀ sínú fídíò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sọ irú ẹni tó jẹ́ àti ohun tó lè ṣe, kó sì mú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wọn tó bá sún mọ́ ọn. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fídíò tí mo mọ̀ ní Ọ̀fà kò ju ti ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ lọ.

Nígbà tí mo sọ fún yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ dì mú nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ ní, òtẹ́ẹ̀lì? Ẹ tún un sọ bí ẹni tó tọ́ ohun kíkorò wò. Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀yin mọ̀ ni ilé tó wà lẹ́bàá ojú irin, tí wọ́n ń tan gílóòbù pupa síwájú rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ̀yin lẹ kan káńtà tí wọ́n fi ń ta ọtí níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó tó àkókò láti lọ tò ó, àwọn ọmọṣẹ́ yín lẹ rán lọ, ẹ ní ẹsẹ̀ yín ò ní wọbẹ̀. Ẹ rò pé irú ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní ohun tí mo kọ́ ní poli nìyẹn, bí a ṣe ń bójú tó àlejò, bí a ṣe ń ṣètò yàrá àti oúnjẹ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ẹ ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Òótọ́ sì ni, ẹ ò gbọ́ ọ rí. Ẹ rán mi níwèé láìkùn, Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé títí mo fi jáde, ẹ ò bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń kọ́ wa. Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé kò ní yé yín ni, àbí ẹ rò pé kò sí ohun gidi tí èèyàn lè gbọ́ lẹ́nu ọmọ?

Ṣọ́ọ̀bù yín ni mo ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn síṣẹ́. Tí wọ́n bá mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Á dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó, bàbá rẹ̀ á sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, pé ọmọ òun rèé, kí ẹ bá òun kọ́ ọ, tó bá ṣe àìdáa kí ẹ bá òun nà án, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣẹ́kù fún òun. Ẹ̀yin á máa wo orí ọmọ náà. Tó bá gbójú sókè kí wọ́n tó ní kó dìde, ẹ ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ ó ní ojú rẹ̀ ti là jù, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Mo ti gbé omi wá fún yín níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì rí i.

Bí ẹ ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Mo dàgbà tán pátápátá, mi ò lè sọ bí ojú yín ṣe rí. Mo mọ àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Mo mọ èékánná yín tí òòlù ti fọ́. Mo lè dá ohùn yín mọ̀ láti òpin àdúgbò. Ṣùgbọ́n ojú yín, mi ò wò ó pẹ́ rí.

Nígbẹ̀yìn, ẹ gbà pé kí n ya fídíò náà. Mi ò mọ ìdí tí ẹ fi gbà títí di ọjọ́ tí Ràfíù wá. Ẹ mọ Ràfíù, òun ló ń ya gbogbo ìgbéyàwó láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìjágbò. Ó gbé kámẹ́rà léjìká wá, ó fa wáyà káàkiri pálọ̀, ó tan iná kan tó mú gbogbo wa làágùn. Mo ti wọ búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú, mo ti gbé àga kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ti ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ sínú láti àárọ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà lẹ jáde láti inú yàrá. Agbádá iléyá yín lẹ wọ̀, ẹ dé fìlà, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ yín. Mo rò pé ẹ fẹ́ lọ kírun ni. Ẹ lọ jókòó sórí àga ìrókò, ẹ ní kí Ràfíù kọjú nǹkan ọwọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ẹ sì fọwọ́ júwe ibi tí mo máa kúnlẹ̀ sí fún mi. Ràfíù ò bèèrè nǹkan kan. Kò tíì ya fídíò rí tí àgbà kan kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Yorùbá lẹ fi bá àwọn tó ń gbé òkè òkun sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á lórí.

“Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ábújá, ẹ wo ojú mi dáadáa. Èmi ni mo bí ọmọ yìí. Ó kàwé, kì í ṣe alágídí. Bẹ́ ẹ bá bá a wí, kò ní fèsì. Ẹ ò ní rí i kó gbójú sókè wò yín. Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó nílé o. Bí nǹkan kan bá ṣe é, mò ń bọ̀ níbẹ̀.”

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàdúrà, àdúrà náà sì gùn. Nígbà tó fi kàn mí, Ràfíù ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n ṣe kíá, ó ní ìsọmọlórúkọ tó fẹ́ lọ yà. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ ohun tí mo kọ́, mo dúpẹ́. Òyìnbó mi dán mọ́rán lọ́jọ́ náà. Ẹní tí mo kúnlẹ̀ lé ló gbọ́ ọ.

Nígbà tí Ràfíù gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, ó ti fi òdòdó pupa síwájú rẹ̀, ó ti fi orin wákà sí i lábẹ́. Ó ti ya òrùka ọwọ́ mi, ó ya bàtà mi, ó tilẹ̀ ya kọ́tíìnì. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fi òun sùn rí. Ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lára kí ẹ tó gbé e fún mi. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe sí gbogbo nǹkan nìyẹn. Ìyẹ̀fun pákó ti mọ́ yín lára, àwo oúnjẹ pàápàá, ẹ ó fẹ́ ẹ kí ẹ tó gbé e lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹ ti sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ẹ ti fa ọmọ yín lé àwọn ará Àbújá lọ́wọ́. Ta ni mí tí mo fi máa sọ pé kò dáa?

Mo gbé e lọ sí Ìlọrin. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo rò pé mo kàn máa gbé kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí n máa lọ ni, àfi bó ṣe ní kí n jókòó, ó sì tì í bọ inú ẹ̀rọ lójú mi. Ilẹ̀ ò là kí n wọ̀ ọ́. Ó wo òdòdó, ó gbọ́ orin, ó wò yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tilẹ̀ ṣe àmín sí àdúrà yín. Ó wá rí òkè síkáàfù mi tó ń sọ̀rọ̀. Ó pa á.

“Ta ló ń wáṣẹ́ gan-an,” ó bi mí, “ṣé ìwọ ni àbí bàbá ẹ?”

Kò bú mi, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó ní àlejò tó rin ìrìn àjò, tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu, ojú èèyàn ló kọ́kọ́ ń wá tó bá wọlé, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ó ní nínú gbogbo fídíò yẹn, òun ò rí ojú mi. Ó ní bàbá mi gan-an ló mọ fídíò ṣe, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n wo inú kámẹ́rà, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ó ní tó bá jẹ́ bàbá ló ń wáṣẹ́ ni, òun á ti gbà wọ́n. Ó wá ní kí n lọ ṣe òmíràn wá kí oṣù tó parí, kí n má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kí n jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa bọ́ sí mi lójú. Kí ògiri ẹ̀yìn mi má ní kàlẹ́ńdà tàbí òdòdó. Kí n má mú ìwé dání kà, kí n má sì sọ pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, nítorí gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí n mú nǹkan kan ṣoṣo tí mo ti ṣe rí, kí n sọ bó ṣe lọ. Kí n wo inú gíláàsì kámẹ́rà bí ẹni ń wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, tí mo bá sì ti sọ tán, kí n dákẹ́.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó jọ pé ó rọrùn jù nínú rẹ̀ ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe.

Mo délé, mo sọ fún yín. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ìka yín ti ń lu apá àga kí n tó sọ dé ìdajì. Ẹ ní ibi tí wọn ò bá ti fẹ́ mọ bàbá ọmọ, ẹ ò ní fi ọmọ yín ránṣẹ́ síbẹ̀, kí n má tún dárúkọ fídíò mọ́. Èmi tí mi ò já yín lẹ́nu rí láyé mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ẹní ni mò ń wò, mo sì sọ ọ́.

“Èmi ni mò ń wáṣẹ́, Bàbá.”

Ìka yín dúró. Láti ọjọ́ náà lọ, tí ẹ bá fẹ́ omi, Ìyá lẹ máa ní kó sọ fún mi pé kí n bu omi wá, èmi tí mo jókòó síwájú yín.

Ó ti yé mi báyìí. Ẹ ò wá sínú fídíò yẹn láti bà á jẹ́. Ẹ fẹ́ kí àwọn ará Àbújá mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi, kí ẹnikẹ́ni má dán nǹkankan wò pẹ̀lú mi nínú òtẹ́ẹ̀lì wọn. Ó yé mi, inú sì tún bí mi sí i. Kí ló dé tí ẹ lè sọ ọ́ fún kámẹ́rà Ràfíù, tí ẹ ò lè sọ ọ́ fún mi? Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà yín ni, ṣé mi ò ní fi yín lọ́kàn balẹ̀? Ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù lè bà yín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ẹ ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pákó ni wọ́n fi gbé yín wálé. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn àáfà ti dé, wọ́n ti wẹ̀ yín, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé yín. Wọ́n ní kí àwa obìnrin wá rí yín kí wọ́n tó bo ojú yín. Ìyá wọlé, ó bú sẹ́kún, wọ́n fà á jáde. Èmi dúró. Mo wò yín lójú, Bàbá. Mo rí àpá kékeré kan lókè ìpéǹpéjú yín tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo rí i pé imú yín ni mo gbé wáyé. Mò ń retí kí ẹ ní kí n gbé ojú mi kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn àáfà ló ní ó tó.

Ẹ ò lè dúró ká parí ìjà wa? Ìjà tí ẹ̀yin dá sílẹ̀ ni. Ẹ kó o lé mi lọ́wọ́, ẹ lọ sùn. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ẹ kú ikú ìrọ̀rùn, ẹ ò jìyà rárá. Mò ń ṣe àmín, mo sì ń bi ara mi pé ìrọ̀rùn ta ni.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo ní mo fẹ́ ya fídíò mìíràn, nítorí oṣù ti ń parí lọ. Àbúrò yín tó ń gbé Ìjágbò ní kò burú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ mú agbádá òun wá, òun lòun máa jókòó sípò yín bá àwọn ará Àbújá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Ìyá, tó jókòó sórí ẹní òpó, ló gbórí sókè.

“Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ara ẹ̀,” ló wí.

Mo wo Ìyá. Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí wà nígbà tí ẹ wà láyé? Mi ò bi í. Òpó tó ń ṣe ti tó o.

Ràfíù wá láàárọ̀, kí oòrùn lè gba ojú fèrèsé wọlé. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé kámẹ́rà lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán níbi ìgbéyàwó kan ní Òjòkú, tó bá sì gbé kámẹ́rà léjìká, àwòrán á máa gbọ̀n. Ó wo pálọ̀ yíká. Ó gbé kámẹ́rà náà lé orí àga yín, ó fi àgékù pákó há a nídìí kó lè ga. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá rí i, kò ní kó gbé e kúrò. Mo jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Gíláàsì kámẹ́rà náà wà níbi tí orí yín máa ń wà gan-an.

Mo bẹ̀rẹ̀, ojú mi wálẹ̀. Ràfíù dá a dúró. Mo tún bẹ̀rẹ̀, ojú mi tún wálẹ̀. Ràfíù ò mọ ohun tó ń ṣe mí, ó ní kí n ṣe bí ẹni pé ẹni tí mo fẹ́ràn ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá wà lórí àga yẹn, ẹ̀yin ni. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹní ló yẹ kí n máa wò. Mo jókòó síbẹ̀ títí Ràfíù fi bẹ̀rẹ̀ sí í nu kámẹ́rà tí kò dọ̀tí. Ìgbà náà ni mo rántí ojú yín ní ọjọ́ tí wọ́n wé yín láṣọ funfun. Mo gbé ojú sókè. Gíláàsì náà dúdú, kò ṣẹ́jú, kò lè sọ pé kí n wolẹ̀. Mo ti wò yín lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ ò lè bá mi wí. Mo tún wò yín.

Òyìnbó ni mò ń sọ, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Mo sọ orúkọ mi àti orúkọ yín. Mo wá sọ ti ọkùnrin kan tó wọlé síbi ilé àlejò tí mo ti kọ́ṣẹ́ nígbà tí mo wà ní poli. Ó ti gba yàrá sílẹ̀ kó tó gbéra nílé, wọ́n sì ti gbé yàrá náà fún ẹlòmíràn. Inú ń bí i, ó ń gbá tábìlì, ọ̀gá wa ti sá pamọ́ sí ilé ìdáná. Wọ́n ti kọ́ mi pé kí n sọ pé páìpù ló bẹ́ nínú yàrá náà. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fún un lómi, mo fún un níjòókòó, mo sọ fún un pé àwa la ṣàṣìṣe. Mo bá a wá yàrá sí ilé mìíràn, mo sì bá a gbé báàgì rẹ̀ débẹ̀. Nígbà tó tún padà wá sí Ìlọrin, ọ̀dọ̀ wa ló wá, ó ní èmi lòun fẹ́ kó gba òun. Ẹ ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Mo gbé e wálé fún yín nígbà náà, ẹ ń jẹun lọ́wọ́, ẹ ní kí n lọ bu omi wá. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló wá kọ́kọ́ gbọ́ ọ báyìí. Nígbà tí mo sọ tán, mo dákẹ́, mi ò gbójú kúrò. Mò ń dúró kí ẹ fèsì.

Ràfíù fẹ́ ya bàtà mi, mo ní rárá. Ó fẹ́ fi orin sí i, mo ní rárá. Nígbà tó gbé kásẹ́ẹ̀tì fún mi, ó ní òun ò ya fídíò tó gbẹ tó báyìí rí láyé òun.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ náà, èyí tí wọ́n kọ̀, tí obìnrin Ìlọrin yẹn sì dá padà fún mi. Inú rẹ̀ nìkan ni ohùn yín kù sí. Tí iná bá ti dé, Ìyá á rán èèyàn lọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ràfíù, á ní kí n fi í sí i. Àwọn tó bá wá kí i á bá wa wò ó. Wọ́n á ní Bàbá mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á ṣe àmín sí àdúrà yín, Ìyá á sì máa mi orí. Èmi á jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn. Ohun tó ba iṣẹ́ mi jẹ́ ti wá di ohun tí a fi ń pẹ̀tù sí ilé lọ́kàn, mi ò sì ní ẹnu láti sọ pé ó ń dùn mí.

Ó wá ku ti òní. Kí n tó gbé kásẹ́ẹ̀tì kejì fún obìnrin Ìlọrin yẹn, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lára. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo fídíò náà tán, ó dá a padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní àwọn ọ̀gá òun á rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun lòun ń yàn fún wọn, kí n lọ múra, wọ́n á fẹ́ rí mi ní Àbújá níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Wọ́n gbà mí, Bàbá. Ohun tí ẹ ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní ṣe láé, nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe gbà mí.

Ìyá ti ń di gaàrí sínú àpò bí ẹni pé wọn kì í jẹun ní Àbújá. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo jàre yín, ẹ ò sì sí nílé kí n fi hàn yín. Ta ló ń jàre ẹni tí kò sí nílé? Mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà mí, mo máa wá kúnlẹ̀ síwájú yín, mi ò ní sọ̀rọ̀ kankan, ẹ ó sì mọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga náà nígbà tí mo dé lọ́sàn-án yìí. Ìyá ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo dìde, mo ní orúnkún ń dùn mí ni.

Nígbà tí mo ń kúrò ní ọ́fíìsì yẹn, obìnrin náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní bí mo ṣe wo kámẹ́rà yẹn, bí bàbá inú fídíò àkọ́kọ́ ṣe wò ó gan-an ni, ó ní fún ìgbà díẹ̀ òun rò pé bàbá náà ló tún jókòó síbẹ̀. Ó wá bi mí bí gbogbo èèyàn ṣe ń béèrè.

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n wà,” ni mo wí.

Ẹnu mi ló sọ ọ́, bí mo ṣe ń sọ ọ́ láti kékeré. Mo lè dá ọ̀rọ̀ náà padà, mi ò dá a padà. Ó ní kí n bá òun kí yín, mo ní ẹ máa gbọ́. Mò ń wò ó lójú nígbà tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀, ojú mi ò sì wálẹ̀ rárá. Ìkíni rẹ̀ ni mo wá jẹ́ fún yín. Ó ní kí n kí yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí sí yín.